Ṣé ẹ̀rọ ni ì bá dá ẹ̀mí bàbá wa sí?

Arábìnrin kan ló kọ̀wé sí mi, ó ní: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni bàbá wa dìgbò lulẹ̀ nínú pálọ̀, lójú èmi àti àbúrò mi. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ń mí bí ẹni tó ń hanrun, a wá rò pé wọ́n kàn dákú ni, a ń gbọ̀n wọ́n, a ń pè wọ́n, ìgbà tá ò rí ìdáhùn la gbé wọn sínú mọ́tò. Ká tó dé ọsibítù ó ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka oríṣiríṣi nǹkan nípa AED, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ọkàn ní iná, nípa aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, nípa dróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, àti nípa AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ láti máa dá àìsàn mọ̀. Ká ní a ní AED nílé, ṣé bàbá wa ì bá wà láàyè? Àwa ọmọ fẹ́ dáwó ra ọ̀kan síbi tí màmá wa ń gbé báyìí, ṣé ká rà á? Àbí ariwo lásán ni gbogbo ẹ̀?"

Ẹ kú àràfẹ́rakù o, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ kọ, àmọ́ ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀ tẹ́ ò kọ jáde, ìyẹn ni pé ṣé ọwọ́ yín ni bàbá kú sí nítorí ẹ ò mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ pàjáwìrì, mímí bí ẹni tó ń hanrun yẹn ti tan àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí jẹun jẹ, ká má tíì sọ ọmọ tó ń wo bàbá ẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀. Kì í ṣe mímí gidi. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́ ló ń ta iṣan àyà àti ọ̀fun jí, tí ẹni náà á máa fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo bí ẹja tí wọ́n fà jáde lómi. Èmi gan-an, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró ti ọkùnrin kan tó ń mí bẹ́ẹ̀, mo ń wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá kiri, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fi èjìká tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ. Mo ti kàwé jáde nígbà yẹn o, síbẹ̀ ojú mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Láwọn ìlú tí wọ́n ti ní nọ́mbà pàjáwìrì, ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tẹ́tí sí fóònù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni pé ẹni tó gbé fóònù á bèèrè pé "ṣé ó ń mí?", ará ilé á ní "bẹ́ẹ̀ ni", ìṣẹ́jú á sì máa lọ lásán. Ni wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà: ṣé ó mọ ara ẹ̀? Ṣé bó ṣe ń mí yìí dà bí bó ṣe máa ń mí tẹ́lẹ̀? Tí ìdáhùn méjèèjì bá ti jẹ́ rárá, ó di kí wọ́n máa tẹ àyà nìyẹn. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí ó jẹ́ àbájáde ìwádìí bíi ti ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ, kò sì ní wáyà kankan lára.

Nǹkan kejì tó yẹ ká tú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ohun méjì ní orúkọ kan ṣoṣo. Háàtì àtáàkì ni pé ọ̀kan nínú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá iṣan ọkàn dí. Àyà á máa dun ẹni náà, ó lè máa làágùn, ó lè máa bì, àmọ́ ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ọkàn ẹ̀ ṣì ń lù, ẹ sì ní àyè láti gbé e lọ sí ọsibítù. Tí ọkàn bá wá dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹni náà á ṣubú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní gbọ́ pípè. Ti àkọ́kọ́ lè fa ti ìkejì, àmọ́ nǹkan míì náà lè fà á, bíi ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí iṣan ọkàn tó ti wú látọjọ́ pípẹ́ nítorí ìfúnpá gíga, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ. Látinú lẹ́tà, mi ò lè sọ èyí tó mú bàbá lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ̀ láìṣàyẹ̀wò òkú, ó ń méfò ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, ọkàn wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kanlẹ̀ tàbí kété lẹ́yìn ẹ̀.

Fíìmù náà tún ti da ọ̀rọ̀ AED rú mọ́ wa lójú. Nínú fíìmù, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ẹ̀rọ, dókítà á fi iná gbé aláìsàn sókè, aláìsàn á sì lajú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. AED kì í jí ọkàn tó ti dákẹ́. Ìgbà tí iná inú ọkàn bá dàrú, tí ọkàn ń gbọ̀n rìrì láì lu ìlù kankan, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ náà wúlò, á pa gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkàn lè tún ti ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ìlà bá ti tẹ́, AED fúnra ẹ̀ á sọ ọ́ jáde pé kò sí iná fún ẹni yìí, ẹ máa tẹ àyà lọ. Gbígbọ̀n yẹn kì í sì pẹ́ kó tó di ìdákẹ́. Ìṣirò tí àwa oníṣẹ́ yìí máa ń lò ni pé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí kò sí iná tí kò sì sẹ́ni tó tẹ àyà, ìrètí kí ẹni náà là ń fi nǹkan bíi 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Tẹ́ ẹ bá tẹ àyà, kò ní dúró, àmọ́ ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ ń ra àkókò ni. Torí náà ọsibítù tó dáa jù lọ láyé, tẹ́ ẹ bá gbé ẹni tí wọn ò tẹ àyà ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọlé, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ò ní rí nǹkan ṣe sí i. Kì í ṣe pé ọ̀nà yín jìn lẹ ṣe pàdánù bàbá, ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ pálọ̀ yẹn ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ máa fi ìṣẹ́jú yẹn ṣe.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí títẹ àyà yìí wù mí gan-an, mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá ń kọ́. Ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, William Kouwenhoven, tó jẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná, ń wá bí wọ́n ṣe máa fún ọkàn ní iná láì la àyà. Guy Knickerbocker tó ń bá a ṣiṣẹ́ kíyè sí i lára ajá tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí pé bí òun bá ṣe gbé irin tó wúwo tí iná máa gbà kọjá lé àyà ajá, tí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gbéra, kí wọ́n tó tan iná rárá. Àwọn méjèèjì àti oníṣẹ́ abẹ kan, James Jude, tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1960, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi, ló lè ṣe é, ọwọ́ méjì péré ló gbà. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá, ọwọ́ ni wọ́n rí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, Frank Pantridge, dókítà ọkàn ní Belfast ní Northern Ireland, gbé ẹ̀rọ tó ń fún ọkàn ní iná sínú áńbúláǹsì, bátìrì mọ́tò ló ń lò, nǹkan bí 70 kílò ló wọ̀n. Lónìí AED ò ju kílò kan ààbọ̀ sí mẹ́ta lọ, ó ń sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, ọmọdé tó mọ̀wé kà lè tẹ̀ lé ohun tó ń sọ. Ìtẹ̀síwájú gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré ẹ̀ láé.

Ṣé kẹ́ ẹ wá rà á fún màmá? Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n ti dán ìbéèrè yìí gan-an wò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 kó èèyàn 7,001 tí háàtì àtáàkì ti ṣe rí jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún ìdajì ní AED sílé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n kọ́ ará ilé àwọn ìdajì tó kù ní títẹ àyà àti pípe nọ́mbà pàjáwìrì nìkan. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, iye tó kú níhà méjèèjì ò yàtọ̀, 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó ní AED, 6.5 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Kí ló fà á? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Èèyàn 117 ni ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, nínú wọn, 58 péré ni ẹnì kan wà níbẹ̀ tó rí i, kò sẹ́ni tó rí àwọn tó kù nígbà tó ṣẹlẹ̀. Èèyàn 32 ni wọ́n lo AED fún, 14 ló nílò iná tó sì rí i gbà, 4 ló yè tí wọ́n fi jáde ní ọsibítù. Ẹ̀rọ náà ò ṣe àṣìṣe kankan, kò fún ẹni tí kò yẹ níná. Èèyàn tó máa rí i, tó máa dìde, tó máa gbé e ló kù. Ẹ wá fi wé ilé tẹ́tẹ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí kámẹ́rà ń wo gbogbo èèyàn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ní AED. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2000, àwọn tó rí iná gbà kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ṣubú, 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè, àwọn tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, 49. Ẹ̀rọ kan náà ni o. Ẹni tó dúró tì í ló yàtọ̀.

Èyí tó yé mi látinú gbogbo ẹ̀ ni pé ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń dá ẹ̀mí sí ní pàjáwìrì ni èyí tó ń mú ọwọ́ èèyàn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kíákíá, kì í ṣe èyí tó fẹ́ rọ́pò ọwọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe. Ní Stockholm, olú ìlú Sweden, tí wọ́n bá ti gba ìpè pé ẹnì kan ṣubú, kọ̀ǹpútà á wá àwọn tó ti kọ́ títẹ àyà tí wọ́n wà ní nǹkan bí 500 mítà sí ibẹ̀, á ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Ìwádìí wọn tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ránṣẹ́, aráàlú tẹ àyà 62 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn kí áńbúláǹsì tó dé, níbi tí wọn ò ti ránṣẹ́, 48 ni. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwádìí yẹn ò fi hàn dájú pé àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn oṣù kan pọ̀ sí i, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí iṣẹ́ ìyanu. Ní Sweden kan náà, ní December 2021, ọkùnrin ẹni ọdún 71 kan ń kó yìnyín kúrò níwájú ilé ẹ̀ ní Trollhättan nígbà tí ọkàn ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, dróònù gbé AED dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, ọkùnrin náà sì yè. Ìròyìn dróònù yìí ló gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan, àmọ́ dókítà kan tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ló ti sọ̀ kalẹ̀ tó ń tẹ àyà ẹ̀ kí dróònù tó dé, òun náà ló sì lo ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń fi apá yẹn ṣe àkọlé ìròyìn, ó sì máa ń dùn mí. Ní Rwanda, láti 2016 ni dróònù ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ọsibítù tó jìn sí ìlú ńlá, nígbà tí wọ́n sì ṣe ìwádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ó fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 79 yára ju ojú títì lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń bà jẹ́ sínú fíríìjì náà dín kù púpọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì ti tán mọ ohun tí ìṣẹ́jú 79 jẹ́.

Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ò ní pẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá mọ̀ ni ọkàn tó ń lù ségesège, èyí tó lè fa rọpárọsẹ̀ tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ìyẹn sì wúlò. Wọn ò lè sọ fún yín pé háàtì àtáàkì ń bọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n gan-an kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wúlò jù fún àgbàlagbà tó ń dá gbé lójú tèmi ni èyí tó máa mọ̀ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti ṣubú tí kò sì dìde, á pe nọ́mbà tẹ́ ẹ fi sí i. Àwọn aago kan ti wà báyìí tó ń gbìyànjú láti mọ̀ pé ọkàn ò lù mọ́ tó sì ń pe ìrànlọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà nìyẹn, nítorí ó ń bá ìṣòro àwọn tó sùn, tí kò sẹ́ni tó rí wọn, jà. Àmọ́ aago yẹn ò lè tẹ àyà. Ẹni tó pè gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

AI tẹ́ ẹ bèèrè náà ńkọ́? Ní Copenhagen ní Denmark, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa tẹ́tí sí ìpè pàjáwìrì, wọ́n rí i pé ó ń dá ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ̀ ju àwọn tó ń gbé fóònù lọ, ó sì ń yára jù wọ́n. Gbogbo ayé pariwo. Àwọn kan náà ló wá ṣe ohun tó tọ́, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ta ẹni tó gbé fóònù lólobó nínú àwọn ìpè kan, kò ta wọ́n lólobó nínú àwọn yòókù, nígbà tí àbájáde dé lọ́dún 2021, ìpè tí wọ́n ti ta wọ́n lólobó ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, àmọ́ kéèyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kí ẹni tó wà lórí fóònù gbà á gbọ́, kó yí ohun tó ń sọ padà lójú ẹsẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí pé wọ́n gbé e jáde bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí èyí díẹ̀, torí níbẹ̀ ni ọkàn mi wà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń tẹ àyà fúnra ẹ̀ hàn mí, mo rò pé wàhálà wa ti tán. Kì í rẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà, jíjìn kan náà, láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi wé ọwọ́ èèyàn nínú ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 2014 àti 2015, àwọn tó yè ò pọ̀ ju ti ọwọ́ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí pé gbígbé e sára aláìsàn fúnra ẹ̀ ń gba àkókò tí kò sẹ́ni tó ń tẹ àyà. Ó ṣì wúlò nínú áńbúláǹsì tó ń sáré, níbi téèyàn ò ti lè dúró, mo ṣì ń lò ó, àmọ́ mo mọ ibi tó mọ. Èyí tó tún dùn mí wọra ni ti àwọn ọmọdé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọmọ tí ibà tó le bá gbé dé, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù, ká da omi sí i lára kíákíá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní dríìpù. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí, ó dà bíi pé ó hàn gbangba. Àwọn kan wá ṣe ìwádìí ẹ̀ ní Uganda, Kenya àti Tanzania, ọmọ 3,141, ó jáde lọ́dún 2011. Àwọn ọmọ tí wọ́n sáré da omi sí lára kú ju àwọn tí wọn ò sáré dà á sí lọ, nǹkan bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí 48, àwọn tó kù 7.3. Ọjọ́ tí mo ka ìwé yẹn, mi ò lè jẹun, mo ń ronú àwọn ọmọ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi so omi fún. Látìgbà yẹn ni mi ò ti gba ẹ̀rọ tàbí oògùn kankan gbọ́ nítorí pé ó dà bíi pé ó yẹ kó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kan náà yẹn ló sì gbé àwọn nǹkan kéékèèké tí kò lórúkọ jáde. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ tranexamic acid, láwọn ọdún 1960 ni Utako Okamoto àti ọkọ ẹ̀ rí i ní Japan, kò wọ́n rárá. Wọ́n dán an wò lára èèyàn tó lé ní 20,000 tí wọ́n fara pa tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, ní orílẹ̀-èdè 40, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2010 àti 2011: tí wọ́n bá tètè fún wọn, ẹ̀jẹ̀ dídà tó ń pa èèyàn dín kù, tó bá ti kọjá wákàtí mẹ́ta, ó lè pa wọ́n lára. Àkókò náà ni. Fún àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n ṣe ọ̀rá kan tó ní ìlà ìwọ̀n lára, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ìyá kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó dà dípò kí wọ́n máa fojú díwọ̀n ẹ̀, wọ́n sì ṣètò pé gbàrà tó bá ti dé ìlà kan, gbogbo ìtọ́jú á bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023, ní ọsibítù 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọ̀rá lásán o! Bẹ́ẹ̀ náà ni ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, tó ti kéré débi tó lè wọ àpò, tí wọ́n so mọ́ fóònù, tí mo fi lè rí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹni tí mọ́tò gbá kí n tó pe oníṣẹ́ abẹ. Tẹ́lẹ̀ àfọwọ́bà àti àdúrà la fi ń ṣe é. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn, ẹ ṣọ́ra fún un tẹ́ ẹ bá ní awọ dúdú, torí ìwádìí kan lọ́dún 2020 ní Amẹ́ríkà rí i pé ó ń sọ pé ọ́síjìn dáa nígbà tó ti lọ sílẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti aláwọ̀ funfun. Tí èèyàn yín bá ń mí gúlegúle, tí ẹ̀rọ sì ní 94, ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ bi mí bóyá bàbá ì bá wà láàyè. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ká ní ẹnì kan tẹ àyà wọn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí AED dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì jẹ́ irú èyí tí ọkàn ń gbọ̀n, wọ́n ì bá ní ìrètí tó dáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ, kò jọ pé nǹkan kan ì bá yí padà. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà yẹn, nínú ẹni mẹ́wàá tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ níta ọsibítù tí àwọn áńbúláǹsì sì gbìyànjú lórí wọn, bí ẹnì kan péré ló ń padà sílé. Nítorí náà ẹ̀rọ tẹ́ ò ní kọ́ ló pa bàbá, àìnífẹ̀ẹ́ yín náà kọ́, torí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì sa gbogbo agbára yín.

Ní ti màmá, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kọ́kọ́ fi owó yẹn ra AED. Màá kọ́kọ́ ṣètò kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wọn wò, kí wọ́n sì máa lo oògùn tí wọ́n bá fún wọn láì fò ó, nítorí ìyẹn ló ń dènà èyí tó pọ̀ jù kó tó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ọmọ náà, kẹ́ ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn yín wò, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé òjijì ni bàbá yín lọ. Tí màmá bá ń dá gbé, aago tó ń mọ̀ pé èèyàn ṣubú ṣáájú AED lójú tèmi, tí ẹnì kan bá wà nítòsí tó lè dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí ẹni tó ń bá wọn gbé bá wà, tẹ́ ẹ sì ní owó tí kò ní dí oògùn lọ́wọ́, ẹ rà á, mi ò ní dá yín lẹ́kun, àwọn mẹ́rin tó yè nínú ìwádìí yẹn, bàbá ẹnì kan ni wọ́n. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé bátìrì ẹ̀ máa ń kú, àwọn bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà náà ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń bà jẹ́, kí ẹnì kan nínú yín máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá lè bá àwọn tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò dá a pọ̀, kí ọ̀kan wà níbi tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó dáa ju kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan lọ.

Èyí tí kò ní ná yín ní nǹkan kan ni kí gbogbo yín kọ́ títẹ àyà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, tí ẹ ò bá rí, ẹ fi ìrọ̀rí tó le díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, ẹ gbé ìkejì lé e lórí, kí ìgúnpá nà tantan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà fún àgbàlagbà, ẹ jẹ́ kó gbéra padà dáadáa, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi fóònù sórí sípíkà kí ẹni tẹ́ ẹ pè lè máa bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Egungun ìhà lè ró kẹ̀ù, ẹ má dúró. Ó máa ń rẹ èèyàn láàárín ìṣẹ́jú méjì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí náà ẹni méjì ló yẹ kó jọ kọ́ ọ, kí ẹ máa gbà á fún ara yín. Ẹ pe àbúrò yín tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀.